Àfẹ́sọ́nà Tí Wọ́n Búra Sọ Di Ẹ̀gbọ́n

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó sì jọ gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ yòókù ní àdúgbò wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè lójú títì, ẹnìkan ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé kejì, ìkùukùu òwúrọ̀ sì ṣì bo orí òkè Olósunta bí ìgbà tí ìyàwó tuntun fi ìborùn bojú. Nínú yàrá rẹ̀, Ọmọ́wùmí Akíntọ́lá kúnlẹ̀ síwájú àpótí, ó ń to aṣọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni bàálù máa gbé e láti Èkó lọ sí ìlú Ọba, lọ bá Jùwọ́n, ọkùnrin tí kò lè dárúkọ rẹ̀ kí ẹ̀rín má tẹ̀lé e.

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó gbé ẹran ọ̀yà gbígbẹ tí ó fi bébà wé lọ́wọ́. Ó ní kí ó fi pamọ́ sínú èlùbọ́, pé kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ọmọ́wùmí mi orí. "Wọn kì í gba ẹran wọlé níbẹ̀, Màámi. Mo ti kà á. Ohun tí òfin wọn bá kọ̀, mi ò ní gbé e."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo mọ̀, tíṣà. Ọkọ rẹ ni yóò jẹ uyán láìrí ẹran." Lójijì ó pa ẹnu dé, ó bojú wo fèrèsé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ wí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, Ọmọ́wùmí bọ́ òrùka tí Jùwọ́n fi sí i lọ́wọ́. Ó wò ó títí, ó fi ẹnu kàn án, ó sì so ó mọ́ etí áńkáṣíìfù. Báyìí ni Stephen, ẹni tó bá a kọ fọ́ọ̀mù físà, ṣe kọ́ ọ.

Kí a tó máa bá Ọmọ́wùmí lọ sí Èkó, ó yẹ kí a mọ bí olólùfẹ́ ṣe di ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Emùré ni Jùwọ́n Ọ̀ṣuntókun, nọ́ọ̀sì ni nílùú Ọba. Ìgbà kan tó wálé kí ìyá rẹ̀ ni òjò ká òun àti Ọmọ́wùmí mọ́ ibi tí takisí Emùré ti ń gbé èrò ní Ìkẹ́rẹ́. Wọn kò mọ ara wọn rí. Jùwọ́n ti ra abọ́ ràbà ńlá kan fún ìyá rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó dojú abọ́ náà bo orí ọmọge tí kò mọ̀ rí, òun fúnra rẹ̀ sì dúró nínú òjò, omi ń ṣàn ní imú rẹ̀, ó ń bi í bóyá ó fẹ́ràn abọ́ náà. Lábẹ́ abọ́ ràbà yẹn ni ìfẹ́ ti bá Ọmọ́wùmí. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, Jùwọ́n tún wálé, àwọn ará ilé rẹ̀ gbé uṣu àti obì wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá Àṣàbí, ìyá Jùwọ́n, tí Àṣàbí jẹ́ oríkì òun fúnra rẹ̀, gbé ọwọ́ lé Ọmọ́wùmí lórí, ó ní, "Aya mi." Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bó bá pè é lórí fóònù, "Aya mi, ṣé o ti jẹun?" ni.

Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ọdún tó ń bọ̀. Jùwọ́n wá ní kí ó kọ́kọ́ wá lo ìsinmi gígùn ilé ìwé lọ́dọ̀ òun, kí ó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí òun ń gbé kí ó tó sọ pé òun gbà. Ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́, ó kọ ọ́ gbangba síbẹ̀ pé àfẹ́sọ́nà òun ni. Ó tún tẹnu mọ́ ọ lórí fóònù.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí, ìyàwó mi ọ̀la. O fẹ́ wá kí mi, o sì máa padà kí wọ́n tó wọlé sáà tuntun. Iṣẹ́ tíṣà tí ìjọba gbà ọ́ sí, ìwé ìsinmi tí ọ̀gá rẹ fún ọ, owó oṣù tó ń wọ báńkì rẹ, ìyẹn ni wọ́n fẹ́ rí. Kò sí èyí tí o kò ní níbẹ̀."

Òótọ́ ni, kò sí èyí tí kò ní. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ó ti gbọ́ pé wọn kò fún ọmọ ẹni kan ládùúgbò ní físà, ìjọ sì ti ń fi orúkọ Ọmọ́wùmí gbàdúrà láti orí pẹpẹ. Bí wọ́n bá wá kọ tirẹ̀, ojú wo ni yóò fi wo àwọn ará ìjọ? Ló bá tọ Stephen lọ, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí yunifásítì, tó ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù físà. Stephen ka ìwé Jùwọ́n, ó kọ hà.

"Tíṣà, ta ló ń fún olólùfẹ́ ní físà? Bí wọ́n bá rí 'àfẹ́sọ́nà', ohun tí wọ́n rí ni ẹni tí kò ní padà sílé mọ́. Àmọ́ ọmọ ìyá ẹni, ta ló máa ní kéèyàn má lọ kí ọmọ ìyá rẹ̀?"

Ọmọ́wùmí ní orúkọ bàbá àwọn kò dọ́gba. Stephen ní ìyẹn kò le. Kí Màmá lọ búra ní kóòtù pé àwọn bàbá ló yàtọ̀, òun ni òun bí àwọn méjèèjì. Òun á tún ìwé ìpè Jùwọ́n tẹ̀, òun á fi "àbúrò mi" rọ́pò "àfẹ́sọ́nà mi".

Ẹ má bi mí pé ṣé wọn kò mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ìwé ìbúra kóòtù ti di nǹkan yẹpẹrẹ. Ẹni tó sọ síìmù nù á lọ búra. Ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sórí sabukéètì á lọ búra. A ń búra bí ẹni ń ra káàdì fóònù, a sì gbàgbé pé ẹnu wa la fi ń búra. Màmá Ọmọ́wùmí wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ búra pé òun, Fúnmilọ́lá Akíntọ́lá, ni òun bí Jùwọ́n Ọ̀ṣuntókun kí òun tó fẹ́ bàbá Ọmọ́wùmí. Bó ti ń jáde, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ kí mi kú ewu ọmọ o. Mo bí ọmọkùnrin lọ́jọ́ ogbó."

Wọn kò sọ fún Jùwọ́n. Ọmọ́wùmí ń rò ó pé bí òun bá ti dé apá rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ fi rẹ́rìn-ín.

Físà jáde. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin jó yí i ká, olùkọ́ àgbà ilé ìwé rẹ̀ fi ẹ̀rín kí i pé ó dàbọ̀. Ó sì wọ mọ́tò lọ sí Èkó.

Nígbà tí bàálù balẹ̀ sílùú Ọba, ó tò sẹ́yìn àwọn èrò, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú. Ó ń wo ilẹ̀kùn gíláàsì tó wà níwájú, ó mọ̀ pé lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni Jùwọ́n dúró sí. Ó ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí i kí ó tó wọ bàálù: òdòdó pupa lọ́wọ́ kan, abọ́ ràbà tuntun lọ́wọ́ kejì.

Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó kàn án, obìnrin tí ewú ti gba irun rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ kò sì le. Ó béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Ọmọ́wùmí wí. "Ọmọ ìyá kan náà ni wá."

Obìnrin náà béèrè bóyá inú ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Ọmọ́wùmí ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè orúkọ ilé ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní kékeré. Ọmọ́wùmí, tó mọ oúnjẹ tí Jùwọ́n fẹ́ràn, tó mọ orin tó máa ń fi imú kọ bó bá ń fá irùngbọ̀n, kò mọ̀ ọ́n. Ó kólòlò. Obìnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kí ó jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìpè.

Ọmọ́wùmí kò jìnnà. Ó gbọ́ ohùn Jùwọ́n láti inú fóònù, ohùn tó ń mú ara rẹ̀ gbóná tẹ́lẹ̀, ohùn ẹni tí inú rẹ̀ dùn dénú eegun. Wọ́n bi í pé ta ni Ọmọ́wùmí Akíntọ́lá jẹ́ sí i. Kò ronú rárá.

"Àfẹ́sọ́nà mi ni," Jùwọ́n wí. "Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣé ó ti dé?"

Òrùka inú áńkáṣíìfù wá wúwo lápò rẹ̀ bí òkúta.

Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan. Wọ́n tú àpótí rẹ̀ wò. Kò sí ẹran, kò sí ewé, kò sí ohun tí òfin kọ̀. Àpótí rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ́. Obìnrin eléwú náà to ìwé rẹ̀ síwájú rẹ̀, ìwé ìpè tí Stephen tún tẹ̀ àti ìwé ìbúra ìyá rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ kóòtù. Ọmọ́wùmí sunkún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní éjẹ́ǹtì ló kọ ọ́.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" obìnrin náà béèrè.

"Èmi ni."

"Nígbà náà, tìrẹ ni." Ó wá ṣàlàyé fún un, kò jágbe, kò sì fi í ṣẹ̀sín, ìyẹn gan-an ló tún dun Ọmọ́wùmí jù. Ó ní físà nìkan kò túmọ̀ sí pé èèyàn ti wọlé. Òṣìṣẹ́ tó bá wà lẹ́nu ibodè lè tún bi í ní ìbéèrè, bí ọ̀rọ̀ kò bá sì dọ́gba, wọ́n lè fagi lé físà náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní irọ́ inú fọ́ọ̀mù burú ju kí ìwé èèyàn má pé lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé lè lọ wá a kí ó padà wá, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀tàn gba físà, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tó ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí Ọmọ́wùmí kò lè gbàgbé títí ayé rẹ̀.

"Wọ́n máa ń fún èèyàn ní físà láti wá kí àfẹ́sọ́nà. O níṣẹ́, o nílé tí o máa padà sí. Kí ni o ń pa mọ́?"

Kò sí ohun tó ń pa mọ́. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ tó yẹ kí ó fi yangàn.

Wọn kò jẹ́ kí ó rí Jùwọ́n. Wọ́n fún un ní fóònù kí ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Wọ́n ti bi Jùwọ́n náà léèrè ní ìta, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé èké. Ó sì ti rí ìwé ìbúra náà.

"Ọmọ́wùmí, ta ni mo jẹ́ sí ọ?"

Ó bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo dúró síbí, mo fi gbogbo ẹnu pè ọ́ ní tèmi," Jùwọ́n wí. "N kò mọ̀ pé ẹnu náà ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Ṣé ìyá mi ti wá di aláìlọ́mọ ni?"

Bí Ọmọ́wùmí ti jókòó nínú bàálù tó gbé e padà, kò jẹun, kò mumi, kò sì lè wo ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtìjú tún ń bẹ níwájú. Takisí tó wọ̀ láti Àkúrẹ́ já a sílẹ̀ lójú títì Ìkẹ́rẹ́ lásìkò tí àwọn èèyàn ń jáde ní ìsìn ọjọ́ Àìkú, ìjọ tó jó yí i ká. Wọ́n rí i pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Àwọn kan rò pé kò tíì lọ. Ìyá àgbà kan tí kò ní èrò búburú lọ́kàn fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn, ó wò ó dáadáa.

"Ọmọ mi, ṣé ibẹ̀ wá sún mọ́ tòsí báyìí ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ́wùmí náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó fa àpótí rẹ̀ wọ ulé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín; ọjọ́ náà ló mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Nígbà tó ní agbára láti jáde, ọ̀dọ̀ Stephen ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó ti rò ó pé yóò sá fún òun. Stephen kò sá. Oníbàárà kan jókòó níwájú rẹ̀, Stephen ń kọ́ ọ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n tuntun tirẹ̀.

"Ṣé mo gba físà fún yín àbí n kò gbà á?" ó wí láìgbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹnu yín ni kò ṣiṣẹ́, tíṣà."

Oníbàárà náà bojú wo Ọmọ́wùmí. Ọmọ́wùmí sọ fún un pé kí ó gba ìwé rẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Bóyá ó lọ, bóyá kò lọ, òun kò dúró wò ó.

Emùré ló kù. Jùwọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀. Kò lè purọ́ fún un. Ọmọ́wùmí àti ìyá rẹ̀ wọ takisí láti ibi tí òjò ti ká òun àti Jùwọ́n mọ́ lọ́jọ́sí. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ tó wọ̀ lọ sí kóòtù, bóyá kò mọ̀.

Wọ́n bá Ìyá Àṣàbí níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ ro kòkó tó sá sórí ẹní, ọ̀nà kan lọ, ọ̀nà kan bọ̀. Abọ́ ràbà Jùwọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kún fún ekuru kòkó. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, ìyá àti ọmọ. Ìyá Àṣàbí kò dá ẹsẹ̀ dúró. Kò le ojú. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni ń kí àlejò pàtàkì.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Jùwọ́n," ó wí fún ìyá Ọmọ́wùmí.

Ìyá Ọmọ́wùmí fi orí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ pè yín?" Ìyá Àṣàbí béèrè. "Ẹ ti búra. Èmi n ò kàwé, ọmọ ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wá. Ulé yìí kan náà ni wọ́n ti pè mí ní àgàn títí irun mi fi fẹ́ funfun, kí Ọlọ́run tó fi í dá mi lóhùn. Òun nìkan náà ni. Gbogbo Emùré ló ń pè mí ní Ìyá Jùwọ́n. Kò sí orúkọ tó dùn létí mi tó o. Ẹ̀yin wá lọ gbà á ní kóòtù, kí ọmọ yín lè wọ bàálù."

Ọmọ́wùmí fi ẹkún rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú kòkó. Ó ní òun ló fa gbogbo rẹ̀, pé ìfẹ́ Jùwọ́n ló ń pa òun bí ọtí.

Nígbà náà ni Ìyá Àṣàbí dúró. Ó wò ó, àánú sì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àánú náà ṣàn jáde.

"Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn kì í sẹ́ ẹ níwájú àlejò," ó wí. "N kò ní gbé yín ṣépè. Ṣùgbọ́n nínú ulé wa, ẹnìkan kì í fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ padà sí kóòtù tí ẹ ti so ó. Ẹ lọ tú u. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe yín níbẹ̀, ẹ gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wá bi mí bóyá mo ṣì ní ọmọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún."

Bí wọ́n ti ń lọ, Ọmọ́wùmí dúró, ó ń retí "Ó dàbọ̀, aya mi." Ohun tó gbọ́ ni, "Ó dàbọ̀, Ọmọ́wùmí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pe orúkọ rẹ̀. Kò sí èébú tó dun ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n padà sí kóòtù. Lọ́yà tí wọ́n tọ̀ lọ sọ fún wọn pé ìbúra èké, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, àti pé ẹni tó fẹ́ tú u ní láti jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí ó sì múra de ohun tó bá tẹ̀lé e. Màmá Ọmọ́wùmí dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, ó sọ pé òun kò bí Jùwọ́n Ọ̀ṣuntókun rí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Jùwọ́n ń pe Ọmọ́wùmí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, bí ohùn ẹni tó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Wọn kò tíì mú ọjọ́ ìgbéyàwó mìíràn. Òrùka náà ṣì wà ní etí áńkáṣíìfù. Ọmọ́wùmí ní òun kò ní wọ̀ ọ́ títí ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Jùwọ́n yóò fi pe òun ní aya rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwọ tí o ń ka èyí, bóyá fọ́ọ̀mù físà wà níwájú rẹ báyìí, bóyá ẹnìkan jókòó tì ọ́ tó ń sọ pé òótọ́ kò lè gbé ọ débẹ̀. Kọ́kọ́ lọ ka òfin ìlú tí o ń lọ fúnra rẹ, lórí ìkànnì ìjọba wọn, kí o mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Sọ ẹni tí o ń lọ bá, sọ ohun tó jẹ́ sí ọ, sọ iṣẹ́ tí o ń ṣe àti ohun tó máa mú ọ padà wálé. Ka gbogbo ohun tí éjẹ́ǹtì bá kọ kí o tó fọwọ́ sí i, nítorí ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa dì mú. Má sì jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá rẹ lọ búra ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá fún ẹni tó sọ òótọ́ ní físà, ó lè tún ìwé rẹ̀ ṣe kí ó padà lọ. Àmọ́ bí o bá sẹ́ èèyàn rẹ lẹ́nu ibodè, ilẹ̀kùn ìlú òkèèrè nìkan kọ́ ló máa tì mọ́ ọ. Bi Ọmọ́wùmí léèrè. Bó o bá kọjá ní Ìkẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, wàá rí i lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń ṣe máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ìka tí òrùka wà tẹ́lẹ̀ sì wà ní òfìfo.